Wàrà kì í yọ́ lórí búrẹ́dì, ṣíìsì pẹlẹbẹ ń yọ́: kí ló fà á, kí la lè ṣe sí i?

Alásè_Lágere
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Búrẹ́dì yíyan àti ṣáwámà là ń tà níbí. Ṣíìsì pẹlẹbẹ, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rá wé lọ́kọ̀ọ̀kan, ti di ohun tí à ń fojú wò lásán, bẹ́ẹ̀ wàrà ń bẹ ní Sábó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí a bá fi wàrà sáàárín búrẹ́dì tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ iná, yóò gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe wọlé náà ló ṣe máa jáde. Kò ní yọ́, kò ní lẹ̀ mọ́ búrẹ́dì. Kí ló dé? Ṣé a lè sọ ọ́ di ohun tó ń yọ́? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, gíráàmù ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́, ẹ má sọ "díẹ̀díẹ̀" fún mi.

Kẹ́míkà_Inú_Ìkòkò
Ẹ kú ọjà o. Kò sí ohun tó ṣe wàrà yín. Bí wọ́n ṣe sè é ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń dín in sì ń dúpẹ́ fún un.

Purotéènì tó ń dì nínú mílíìkì ni wọ́n ń pè ní casein. Nínú mílíìkì tútù, ó ń léfòó bí ìṣù kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Kálísíọ́ọ̀mù àti fọ́síféètì ni sìmẹ́ǹtì tó di ìṣù kọ̀ọ̀kan mú. Ìṣù wọ̀nyí ní nǹkan bí irun lára tí kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Oje bọ̀mùbọ̀mù, ewéko tí àwọn oníwàrà fi ń mú mílíìkì dì, á fá irun yẹn, wọn á wá so pọ̀, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì inú wọn ṣì wà níbẹ̀ digbí. Lẹ́yìn èyí ni ìyá oníwàrà á tún jẹ́ kó hó. Híhó yẹn ló parí ọ̀rọ̀: purotéènì kejì, èyí tó yẹ kó bá omi wàrà lọ, á yí padà nínú ooru, á sì rọ̀ mọ́ casein. Ohun tó bá ti rí báyìí, ẹ lè jù ú sínú òróró gbígbóná kó pọ́n bí àkàrà, kò ní yọ́.

Ọ̀nà míì ni wọ́n gbà ṣe ṣíìsì pẹlẹbẹ. Ṣíìsì gidi ni wọ́n rún, wọ́n fi omi àti bọ́tà kún un, wọ́n wá da iyọ̀ kan sí i. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o: sodium citrate ni, tàbí oríṣi sodium phosphate kan. Iyọ̀ yìí á já kálísíọ́ọ̀mù gbà lọ́wọ́ casein, á sì fi sodium rọ́pò rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ti lọ nìyẹn. Casein á tú ká, á fi ọwọ́ kan di ọ̀rá mú, á fi ọwọ́ kejì di omi mú. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í sun òróró lórí iná bíi ṣíìsì tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Á kàn máa yọ́ jẹ́jẹ́ ni.

Òṣómàáló_Iléṣà
Ẹ kú làákàyè. Ta ló kọ́kọ́ ronú irú èyí? Àwọn Amẹ́ríkà la máa ń gbọ́.

Kẹ́míkà_Inú_Ìkòkò
Rárá o, Siwisaláńdì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1911, ní ìlú Thun, Walter Gerber àti Fritz Stettler fi citrate sè ṣíìsì Emmental wọn. Ọjà tí wọ́n ń fojú sí ni àwọn ilẹ̀ olóoru, níbi tí ṣíìsì lásán ti ń làágùn òróró, tó sì ń bàjẹ́ kó tó gúnlẹ̀. Nítorí náà, ooru irú tiwa yìí wà lára ohun tó bí i. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń yọ́ ṣíìsì sínú wáìnì, tí wọ́n ń fi búrẹ́dì tọ́ ọ lá, wọ́n sì mọ̀ pé kíkan wáìnì kì í jẹ́ kó dì ní kókó.

Ti Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e. James L. Kraft, ọmọ Kánádà tó ń ta ṣíìsì ní Chicago, gba ìwé àṣẹ ọgbọ́n tirẹ̀ ní 1916. Ó ń se ṣíìsì lórí iná, ó ń rò ó láìdáwọ́ dúró kí ọ̀rá má bàa yapa, ó sì ń dà á sínú agolo. Àwọn ológun Amẹ́ríkà rà á lọ rẹpẹtẹ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, torí agolo kò bẹ̀rù ìrìn àjò. Ní 1918, Emil Frey ní ìpínlẹ̀ New York ṣe ṣíìsì tí wọ́n ń pè ní Velveeta láti ara ẹ̀rúnrún ṣíìsì tí wọn ìbá dà nù. Onígun mẹ́ta tí màlúù ń rẹ́rìn-ín lára páálí rẹ̀, ti Léon Bel ní Faransé ni, láti 1921.

Ìwà kan náà ni gbogbo wọn ní. Ooru ti pa kòkòrò àti ẹ́ńsáìmù tó ń mú kí ṣíìsì máa gbó, nítorí náà adùn tó ní lọ́jọ́ tí wọ́n dì í náà ló máa ní títí ẹ ó fi tú u. Kì í dàgbà. Ẹni tó ń wá ṣíìsì tó ń ta lẹ́nu, kó má wá a síbẹ̀.

Bẹ́kẹ́rì_Òkèṣà
Àwọn kan ń pariwo pé rọ́bà ni wọ́n ń yọ́ fún wa jẹ.

Kẹ́míkà_Inú_Ìkòkò
Ẹ má dá wọn lóhùn. Ṣíìsì ni, ọ̀rá ni, omi ni, iyọ̀ ni. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé iyọ̀ tó ń mú un yọ́ yẹn kò gbọ́dọ̀ ju 3 nínú 100 lọ, àti pé ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 65.5°C fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ó kéré tán. Orúkọ tó wà lára páálí ló yẹ kẹ́ ẹ máa kà dáadáa. Èyí tí wọ́n bá pè ní "process cheese food" lábẹ́ òfin yẹn, ṣíìsì inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 51 nínú 100. "Spread" ní omi jù ú lọ, ó lè tó 60 nínú 100.

Òṣómàáló_Iléṣà
Kí n fi ti ọjà kún un. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni èyí tí kò ní ṣíìsì nínú rárá: òróró ewébẹ̀, sítáàṣì àti casein ni wọ́n pò pọ̀. Ó ń yọ́, ó ń fà, ó dùn ún wò, owó rẹ̀ sì rọjú. Kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gba owó ṣíìsì lọ́wọ́ yín lé e lórí. Ẹ yí páálí padà, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ ṣáájú níbi tí wọ́n to èròjà sí. Bí ó bá jẹ́ "vegetable oil" tàbí "vegetable fat" ló ṣíwájú "cheese", ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń rà. Bí wọ́n bá tú u kúrò nínú páálí, tí wọ́n wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá funfun tí kò ní orúkọ, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Màmá_Oníwàrà
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀kọ́ ìwé yín dára, ṣùgbọ́n bí mílíìkì kò bá dára, iyọ̀ kankan kò ní tún un ṣe. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní, kí oòrùn tó mú. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bu ṣíbí méjì sínú ife irin, kẹ́ ẹ gbé e lé iná. Tó bá hó tí kò já, ó ṣì dára. Tó bá já fúnra rẹ̀, ó ti ń kan, kò wúlò fún ohun tí ẹ fẹ́ ṣe.

Ẹ má lo mílíìkì tútù láìfi ooru kàn án. Àrùn inú màlúù ń bá a wá, ikọ́ ife wà lára rẹ̀. Kó gbóná dé 72°C sí 75°C, kẹ́ ẹ máa rò ó, kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ìkòkò náà sínú agbada omi tútù. Ẹ má jẹ́ kó hó. Tó bá ti hó, ẹ ti padà sí wàrà dídín nìyẹn, bí àbúrò wa ṣe ṣàlàyé lókè.

Ti bọ̀mùbọ̀mù, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Oje rẹ̀ ń ta ojú gan-an, ó sì lágbára. Bó bá pọ̀ jù, kíkorò ni wàrà náà máa dà. Fínígà ló rọrùn fún ohun tó ń yọ́.

Kẹ́míkà_Inú_Ìkòkò
Ẹ ṣé, Màámi. Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an lẹ dé yẹn.

Alásè_Lágere, ìwọ̀n rẹ̀ rèé. Ẹ wá tẹ̀mómítà àti síkéèlì kékeré tó ń ka gíráàmù, torí ojú kì í mọ gíráàmù 5.

Mílíìkì màlúù, lítà 2, tí Màámi ti sọ bí a ṣe ń múra rẹ̀ sílẹ̀. Kó tutù wálẹ̀ dé 46°C. Fínígà funfun ti 5%, mílílítà 75, ni kẹ́ ẹ fi omi mílílítà 75 là. Ẹ máa dà á sí i tín-ín-rín, kẹ́ ẹ máa fi ṣíbí igi rò ó jẹ́jẹ́. Ẹ ó rí i tí yóò máa so pọ̀ bí òwú tó rẹ omi. Nígbà tí omi tó yọ bá mọ́ gaara, tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ẹ dúró. Bí fínígà bá ṣẹ́ kù, ẹ má dà á sí i. Kíkan tó bá ti kọjá ibẹ̀ á sọ ọ́ di ohun tó ń rún bí gààrí.

Ẹ kó èyí tó dì jọ pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́, kẹ́ ẹ fún un, kẹ́ ẹ pò ó bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì títí omi yóò fi tán lára rẹ̀. Ó máa tó gíráàmù 250, ó lè lé díẹ̀, ọ̀rá inú mílíìkì ló máa sọ.

Iyọ̀ rẹ̀ wá kù. Bí ẹ kò bá rí sodium citrate rà, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Citric acid gíráàmù 5 nínú omi ṣíbí méjì, kẹ́ ẹ máa wọ́n baking soda gíráàmù 6.5 sí i díẹ̀díẹ̀ (ẹ jọ̀ọ́, "díẹ̀díẹ̀" yìí kì í ṣe ìwọ̀n o, bí ẹ ó ṣe máa wọ́n ọn ni). Yóò hó sókè bí ọṣẹ, nítorí náà abọ́ tó jinlẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Nígbà tí híhó bá parí, omi tó kù níbẹ̀ ti di sodium citrate.

Gbogbo rẹ̀ á wá wọ bílẹ́ńdà: gíráàmù 250 wàrà yẹn, omi citrate yẹn, bọ́tà gíráàmù 30, iyọ̀ ọbẹ̀ gíráàmù 3, mílíìkì gbígbóná mílílítà 60. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ dà á sínú abọ́ irin, kẹ́ ẹ gbé abọ́ náà lé orí ìkòkò omi tó ń hó, kí ìsàlẹ̀ abọ́ má fara kan omi. Ẹ máa rò ó títí dé 78°C, kẹ́ ẹ sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ní àkọ́kọ́, yóò dà bí ògì tó já, ẹ má bẹ̀rù. Lójijì ni yóò máa dán, tí yóò máa ya kúrò lára abọ́ bí àmàlà tó jinná. Ẹ dà á sínú abọ́ tí ẹ ti fi bọ́tà pa, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bò ó kó fara kan ojú rẹ̀ kó má bàa ní èèpá, kó sì wọ fíríìjì fún wákàtí 6.

Bẹ́kẹ́rì_Òkèṣà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n tọ́ka sí nǹkan kan. Citric acid tó wà lọ́jà oríṣi méjì ni. Èyí tí wọ́n kọ "anhydrous" sí kò ní omi nínú. Ìwọ̀n tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn bá a mu: gíráàmù 1 rẹ̀ sí baking soda gíráàmù 1.3. Èyí tí wọ́n kọ "monohydrate" sí ní omi nínú, gíráàmù 1 rẹ̀ sí 1.2 ló tọ́. Tí ẹ bá lo 1.3 fún un, sódà á ṣẹ́ kù, ahọ́n yín á sì sọ fún yín.

Kẹ́míkà_Inú_Ìkòkò
Òótọ́ lẹ sọ. Gíráàmù 5 tí wọ́n kọ "monohydrate" sí, sódà gíráàmù 6 ni.

Ọmọ_Ọbòkun
Ṣé ọsàn wẹ́wẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ citric acid yẹn? Ó pọ̀ nílẹ̀ ju ohun inú ọ̀rá lọ.

Kẹ́míkà_Inú_Ìkòkò
Ó lè ṣe é. Citric acid tó wà nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mílílítà 100 máa ń tó gíráàmù 4 sí 5. Ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ máa wọ́n sódà sí i títí kò fi ní hó mọ́. Bí ẹ ti rí i pé híhó ti dáwọ́ dúró, ẹ dúró náà. Omi rẹ̀ ló pọ̀ jù: ẹ gbé e kaná kó fà dé bíi mílílítà 40, kẹ́ ẹ sì yọ mílíìkì mílílítà 60 yẹn kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó mu ún bí ọbẹ̀ ni. Òórùn ọsàn á kù díẹ̀ lára rẹ̀. Lórí ṣáwámà kò burú. Lórí búrẹ́dì lásán, mi ò gbà á.

Ìyàwó_Modákẹ́kẹ́
Kí ló dé tí ẹ kò lo káún? Ṣebí òun náà ń mú nǹkan rọ̀, ẹ̀wà ń jẹ́rìí.

Kẹ́míkà_Inú_Ìkòkò
Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ní ẹ̀ka méjì.

Nínú wàrà tí fínígà tàbí ọsàn mú dì, kíkan yẹn ti tú kálísíọ́ọ̀mù púpọ̀, ó sì ti bá omi lọ. Casein rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láìní sìmẹ́ǹtì, ohun tó ń ṣe é kò ju kíkan lọ. Ohunkóhun tó bá pa kíkan náà díẹ̀ lè mú un yọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Rọ́ṣíà fi ń fi baking soda nìkan sè é nílé pẹ̀lú wàrà kíkan tiwọn. Ní ti wàrà bọ̀mùbọ̀mù, sìmẹ́ǹtì ṣì wà níbẹ̀ pọ̀. Sódà kò ní tú u, àfi citrate tàbí phosphate.

Káún sì le ju baking soda lọ, iyẹ̀pẹ̀ àti àwọn nǹkan míì wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í dọ́gba láti òkúta kan sí èkejì. Ó yára gbé wàrà kọjá ibi tó yẹ: yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, yóò sì máa dùn bí ọṣẹ dúdú. Ẹ jẹ́ kó máa bá ẹ̀wà lọ.

Alásè_Lágere
Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù kún yín. Wàrà Sábó tó ti hó tẹ́lẹ̀ wá ń kọ́, ṣé kò sí ọ̀nà kankan fún un?

Kẹ́míkà_Inú_Ìkòkò
Ọ̀nà wà, kì í ṣe ti èyí tó ń fà. Ẹ lè sọ ọ́ di èyí tí à ń fi ọ̀bẹ pa sí búrẹ́dì, irú ti onígun mẹ́ta. Wàrà gíráàmù 250 tí ẹ fún omi kúrò lára rẹ̀, sodium citrate gíráàmù 7, omi gbígbóná mílílítà 80, bọ́tà gíráàmù 40. Ẹ gún wàrà náà wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rẹ sínú omi citrate fún ìṣẹ́jú 20 kó tó wọ bílẹ́ńdà. Lẹ́yìn náà, 80°C fún ìṣẹ́jú 8. Tí ẹ kò bá jẹ́ kó rẹ, ẹ ó máa bá hóró kéékèèké pàdé lẹ́nu bí ìrẹsì tí kò jinná.

Bẹ́kẹ́rì_Òkèṣà
Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀ rèé, kẹ́ ẹ lè dá a mọ̀.

Òróró tó léfòó lójú rẹ̀: citrate kò tó, tàbí ẹ jẹ́ kó gbóná kọjá 90°C kí citrate tó wọ̀ ọ́ tán. Ẹ fi omi gbígbóná ṣíbí kan àti citrate gíráàmù 1 sí i, kẹ́ ẹ tún lọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì gbóná. Tó bá ti tutù, ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín.

Iyanrìn lẹ́nu lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan: citrate ti pọ̀ jù, ó ti bá kálísíọ́ọ̀mù dì sí òkúta wẹ́wẹ́. Kì í pani, kò dùn ni.

Ó le bíi bọ́ọ̀lù tẹ́ńísì: omi kò tó, tàbí ó pẹ́ jù lórí iná. Ó rọ̀ tí kò ṣeé gé: omi ti pọ̀ jù, ẹ kò fún wàrà náà dáadáa.

Bí ẹ bá rí bébà pH rà, èyí tí wọ́n fi ń wọn kíkan, 5.6 sí 5.9 ló yẹ kó wà. Ní ìsàlẹ̀ 5.4, yóò máa rún. Tó bá kọjá 6, yóò rọ̀ jù, adùn rẹ̀ á lọ, kòkòrò á sì ráyè.

Ẹ má fi mílíìkì oníyẹ̀fun dán wo ohun tí wọ́n sọ lókè yìí. Ọ̀pọ̀ nínú sáṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́jà ni wọ́n kọ "fat filled" sí. Òróró ewébẹ̀ ni ọ̀rá inú rẹ̀, ooru sì ti ba purotéènì rẹ̀ jẹ́ fún irú iṣẹ́ yìí. Mílíìkì inú agolo nìkan ló ní àǹfààní tirẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní phosphate díẹ̀ nínú láti ilé iṣẹ́, nítorí náà ẹ lè fi rọ́pò mílíìkì mílílítà 60 yẹn nígbà tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́, yóò sì dán sí i.

Òṣómàáló_Iléṣà
Ti ìpamọ́ wá ṣe pàtàkì, torí iná kò ní ìlérí. Èyí tí ẹ ṣe nílé kò ní òògùn ìpamọ́, omi rẹ̀ sì pọ̀. Nínú fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ 5 sí 7. Bí iná bá lọ ju wákàtí 4 lọ tí ẹ kò ní yìnyín, ẹ má tà á mọ́. Ẹ má ṣe dà á sínú ìgò, kẹ́ ẹ dé e pa, kẹ́ ẹ gbé e sórí pẹpẹ nítorí pé ẹ rí i tí agolo ilé iṣẹ́ ń jókòó síbẹ̀. Kòkòrò kan wà tí 80°C kì í pa ẹyin rẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ kò bá wọ̀ ló sì fẹ́ràn, májèlé rẹ̀ kì í rùn. Ilé iṣẹ́ ní ẹ̀rọ àti ìṣirò fún ìyẹn, àwa kò ní.

Èyí tí ẹ bá rà: pẹlẹbẹ, fíríìjì nìkan. Onígun mẹ́ta tí ẹ kò tíì tú, ohun tí páálí rẹ̀ bá kọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí èyí tí wọ́n to sínú oòrùn ní iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn bébà fàdákà rẹ̀: tó bá rọ̀ jù, ó lè jẹ́ pé ooru ti mú un, ẹ má rà á.

Alásè_Lágere
Ó yé mi. Ó kù kan: bí ẹ bá ti gé e, ìgbà wo ni ó ń wọ búrẹ́dì?

Bẹ́kẹ́rì_Òkèṣà
Ọ̀bẹ tí ẹ ti ri sínú omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi gé e, kó nípọn tó mílímítà 3, bíi gíráàmù 20 fún búrẹ́dì kan. Ẹ jẹ́ kí ẹran àti ẹ̀fọ́ gbóná lọ́tọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yan ẹ̀gbẹ́ kan búrẹ́dì láìfi ṣíìsì sí i, kẹ́ ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ wá tẹ́ ẹ sórí ẹ̀gbẹ́ tó ti gbóná yẹn, kẹ́ ẹ dé e. Ìṣẹ́jú 1 ààbọ̀ lórí iná kékeré ti tó. Tí ẹ bá fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, etí rẹ̀ á ṣàn jáde sórí irin, á jóná síbẹ̀, ẹ ó sì máa fi ọ̀bẹ ha á kúrò kí búrẹ́dì ẹni tó kàn tó lè wọlé.